Àwo Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Kabba

Àwọn ọmọ tí mò ń bá àwọn ìyá wọn tọ́jú ti lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Tẹ́lẹ̀, inú abọ́ ńlá kan ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Ìyá kan á gbé iṣu wá láti oko, òmíràn á gbé ẹ̀wà wá, màá sì sè é pọ̀. Nígbà tí ọjà wọ́n gógó ni mo ní kí oníkálukú máa san owó oúnjẹ, iye kan náà. Mo rò pé ohun tó tọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Ṣọlá, tó ń dáko lọ́nà Aiyetoro, kí mi, ó ní, "Okun o, àǹtí. Oko ò ṣe dáadáa. Ẹ̀kọ ni mo dì fún Ṣọlá. Ẹ má fún un ní tiyín." Kò bínú. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bínú.

Lọ́sàn-án, mo bu ìrẹsì sí àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Dúpẹ́ fọwọ́ bu díẹ̀ nínú tirẹ̀, ó nà án sí Ṣọlá bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Mo di ọwọ́ Dúpẹ́ mú. Mo ní, "Jẹ tìẹ." Ìyá rẹ̀ ti sanwó. Mi ò fẹ́ kó sọ pé oúnjẹ ọmọ òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Tí mo bá sì ní kí wọ́n má sanwó mọ́, kí ni màá sè?

Dúpẹ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí Ṣọlá, ó fọwọ́ bo àwo rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo kọ́ ọ.