Àmín Tó Ṣáájú Orúkọ

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrọ́jú ara àgbà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìgándò níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ̀wé. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí gbogbo àwọn ará ilé, ọmọdé àti àgbà. Mo kí Káyọ̀dé àbúrò mi náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń délé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí lẹ́tà mi. Láti ìgbà tí Káyọ̀dé ti kúrò lọ́dọ̀ wa tó sì ròyìn fún yín pé mo bá àwọn Mùsùlùmí gbàdúrà ní gbangba, tí n kò sì dárúkọ Jésù, Bàbá, ẹ kò gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pe ti Ìyá, wọ́n á ní ẹ ń sùn. Bàbá mi tí kì í sùn lọ́sàn-án! Àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ kì í fi ìwé ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ láìkà á dé ibi tí wọ́n ti ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Mo wá ní kí n lọ pàdé yín níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó wúlò fún ẹlòmíràn pẹ̀lú, torí ẹjọ́ yìí kì í ṣe tèmi nìkan ládùúgbò wa.

Ara wa le. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe ní Ìdímù ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pọ̀ ju àga lọ, ohùn mi sì máa ń há kó tó di Jímọ́ọ̀. Owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ọjà ti máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Tómi ọkọ mi ń kí yín. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ òjò yìí gan-an ló sì bí gbogbo rẹ̀.

Gọ́tà ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí à ń pè ní kànáàlì. Bí òjò bá pọ̀, omi máa ń kún bo afárá pákó tí a fi ń kọjá. Lọ́dún tó kọjá, omi náà gbé Ìyá Sàdíátù lọ. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aránṣọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí òdodo. Òun ló rán aṣọ akọrin ìjọ wa, èyí tí mo wọ̀ nínú fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀. Nígbà tó ń wọn àyà mi, ó ní kí n mí sínú dáadáa, pé akọrin tí aṣọ bá fún mọ́ láyà kò ní lè gbé ohùn sókè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé àdúgbò yìí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́. Ìdánìkanwà Èkó, ẹni tó bá ṣe é rí ló mọ̀ ọ́n: èrò á yí èèyàn ká, kò sì ní sí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìyá Sàdíátù ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ni bàbá mi ń ṣe. Tìgbéraga-tìgbéraga ni mo fi dáhùn pé kátíkíìsì ni, pé ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sí àdúrà tí kò lè gbà láìwo ìwé.

Nígbà tí ojú ọ̀run tún ṣú lọ́dún yìí, Alága àwọn onílé ní kí gbogbo wa jáde lọ́jọ́ Sátidé láti kó ìdọ̀tí inú kànáàlì, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbàdúrà pọ̀. Áfáà á gba ọ̀kan, Kìrìsìtẹ́nì á gba ọ̀kan. Ó wá bẹ̀ wá pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi orúkọ tó lè pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa lè jọ ṣe Àmín.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí pásítọ̀ wa, ó dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ka Bíbélì fún wa, ó ní kí ọmọ ìjọ òun kankan má bá wọn lọ́wọ́ nínú àdúrà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, kó dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe Àmín tán. Ẹ má rò pé ọlọ́kàn líle ni o. Nígbà tí Ìyá Sàdíátù kú, òun ló kó àga àti àtíbàbà ìjọ fún wọn láìgba kọ́bọ̀, ó sì jókòó ti ọkọ rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ náà ló sọ pé òun kò ní bá wọn gbàdúrà.

Mo gbé ṣọ́bìrì mi, mo lọ. Mo fẹ́ pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà kì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ dé ibi kankan. Ibẹ̀ ni mo wà, èmi àti Káyọ̀dé tó wá kí wa, nígbà tí Alága ní kí àlùfáà méjèèjì bọ́ síwájú. Áfáà dìde. Ẹnì kejì kò sí. Ni obìnrin kan bá ní ṣebí Ìyá Tómi nìyí, ṣebí ọmọ kátíkíìsì ni, kò sí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Bàbá, ẹnu ara mi ló kó bá mi. Ìyangàn tí mò ń fi yín ṣe ló gbé mi dìde lọ́jọ́ náà.

Áfáà kọ́kọ́ gbàdúrà, ó gbà á ní Yorùbá kí ó lè yé gbogbo wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi. Mo gbà á bí ẹ ṣe kọ́ wa, ọpẹ́ ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀bẹ̀ fún afárá náà àti fún àwọn ọmọ tó ń gbà á lọ sílé ìwé. Mo wá sún mọ́ ìparí. N kò gbàgbé ohun tí ẹ máa ń sọ, pé àdúrà tí kò bá ní orúkọ Jésù nídìí, lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì ni. Mo ní kí Olúwa má jẹ́ kí omi gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ mọ́ ládùúgbò yìí. Mo wá mí sínú kí n tó mú orúkọ náà jáde. Kí n tó mí síta, Bàbá Sàdíátù tó dúró lápá ọ̀tún mi ti bú jáde, ó ní Àmín. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Áfáà dì í mú, Alága ní ó yá, ká gbé ṣọ́bìrì. Bí àdúrà ṣe parí nìyẹn, orúkọ náà sì wà lẹ́nu mi níbẹ̀.

Torí náà Káyọ̀dé kò purọ́. Mo lè sọ ọ́ lé wọn lórí, n kò sì sọ ọ́. Bí ẹ bá bi mí bóyá ọ̀rọ̀ Alága ló dá mi dúró, tàbí ẹkún ọkùnrin yẹn, n kò lè búra. Ó kàn ṣe mí bíi pé mo fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń dùn mí, Bàbá. Mi ò fi pa mọ́ fún yín.

Pásítọ̀ wá sílé wa. Ó ní kí n ṣì sinmi orin kíkọ ná. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, “Ìyá Tómi, mi ò kórìíra wọn jàre. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tá a bá ń yọ orúkọ yẹn níta kí inú aráàlú lè dùn, ọjọ́ wo la máa yọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì?” Mo bu omi fún un mu. Ìbéèrè náà ṣì wà lọ́kàn mi títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbà fún pásítọ̀ yìí rí, láti ìgbà tí mo ti fi Áńgílíkà sílẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ mi, orí èmi Àbẹ̀kẹ́ ni ẹ̀yin àti òun ti wá fẹnu kò.

Mo sì ní ẹlẹgbẹ́ nínú ẹjọ́ náà. Mo pàdé Áfáà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ní àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí ti pe òun, wọ́n ní kí òun ṣàlàyé ìdí tí òun fi tẹ́wọ́ sí àdúrà Kìrìsìtẹ́nì. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un nípa orúkọ tí n kò rí ààyè dá. Ó ní ká ní mo dá a, òun á rọra sọ ọwọ́ òun kalẹ̀ níbẹ̀, òun á dákẹ́, kò sì ní dìjà. Ó ní kí n má tún fi orúkọ Olúwa mi pa mọ́ nítorí òun, pé òun náà kò ní fi tòun pa mọ́ nítorí mi. Mo dúró níbẹ̀ títí omi fi kún kórobá mi, tó ń dà nù. Mo ti lọ bá Alága, mo ní nígbà mìíràn kí oníkálukú gba tirẹ̀ dé ìparí, kí ẹni tí kò bá lè ṣe Àmín dákẹ́. Pásítọ̀ gbọ́ ọ, ó ní òun á rò ó wò. Fún ẹni bíi tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Òjò ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, omi kò sì bo afárá. Àwọn kan ní àdúrà ni, àwọn kan ní ṣọ́bìrì ni. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ rèé. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bí mo ṣe ń fọ ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní bàlùwẹ̀, mo parí àdúrà náà. Mo dá orúkọ Jésù, mo dá a ketekete, mo sì dúró. Kò sí ẹni tó ṣe Àmín. Bàbá Tómi ti jáde, àwọn ọmọ wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Níta, mo rí Àmín, n kò rí ààyè dá orúkọ. Nínú ilé, mo dá orúkọ, n kò rí Àmín.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá á fúyẹ́, ẹ kò ní fojú sunkún ọmọ, a ó tún fojú rinjú láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ìjọ, ẹ kí àwọn ará ilé Ìyá wa, Mùsùlùmí inú wọn àti Kìrìsìtẹ́nì inú wọn. Bàbá, ní gbogbo ìgbà èwe mi, ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà òwúrọ̀, èmi ni mo máa ń ṣe Àmín, ìgbà mìíràn tòògbé-tòògbé. N óò pè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn. Èmi fúnra mi ni n óò kọ àdírẹ́sì sí lẹ́tà àdúrà náà, ní etí yín. Ẹ̀yin ẹ ṣá bá mi ṣe Àmín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.