Aràn Ni, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Maxime, àbúrò mi,

Mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Libreville. Àgbàdo wa ní Agbonou ti gbó, ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá sì ti fúyẹ́.

O sọ fún gbogbo ẹbí pé èmi ni àjẹ́ tó ń pa Ìyá, nítorí wíwú tó ń rìn kiri lábẹ́ awọ apá wọn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ jẹ ẹja tí wọn kò sè?"

Ìyá ní, "Maxime fún mi ní ẹja adágún Nangbéto nígbà tó wá ṣe Kérésì. Ó ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí òun fi rẹ ẹ́ ti sè é."

Aràn inú ẹja rẹ ni! Ìyá lo oògùn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ara wọn sì ti yá.

Tẹ gbogbo ẹbí láago, kí o jẹ́wọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Èmi kò tíì dárí jì ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Pascaline