Etí Olùkọ́ Fèrè Mi Ti Di

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àtẹ̀gùn ilé yín tó ń yọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣubú lórí rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí o ṣubú níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pàápàá. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ṣì ń gẹrun fún àwọn oníbàárà lábẹ́ páànù iwájú ilé, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn ún díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti ilé ẹ̀kọ́ fèrè inú fóònù tí o sanwó rẹ̀ fún mi, nígbà tí mo ní mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mú hamóníkà, fèrè oníhò tí à ń gbé sẹ́nu yẹn, sunkún. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ránṣọ, tó wá di akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní, ṣé kò yẹ kí ẹ̀rù bà á? Síbẹ̀, mi ò pa ẹ̀kọ́ kan jẹ rí. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ tó dáa, mo máa ń gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá sì dìde dúró kí olùkọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, irun wọn ti funfun. Bí mo bá tọrọ ààyè láti lọ wo ohun tó wà lórí iná, wọn kì í bá mi wí. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, mo wá fi téèpù wọn èjìká wọn lójú fóònù kí n lè rán òmíràn fún wọn, ó jẹ́ ínǹṣì méjì péré. Mo rò pé ọ̀nà ló jìn.

Títẹ ohùn ló le. Bí o bá fa èémí wọlé láti ihò kẹta, ohùn kan á jáde. Bí o bá mọ ọ̀nà rẹ̀, wàá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Ibi mẹ́ta ló yẹ kó ti dúró bó ṣe ń rọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá, kò sì gbọdọ̀ kù. Abẹ́rẹ́ kan wà lójú fóònù tó ń ṣọ́ ọ: bí ohùn bá dúró síbi tó yẹ, abẹ́rẹ́ á di àwọ̀ ewé, bó bá yẹ̀, á pọ́n. Mo fà á títí òyì fi kọ́ mi, pupa ni mò ń rí. Bàbá rẹ béèrè láti ìta pé ewúrẹ́ ta ni mo so mọ́ inú ilé, oníbàárà sì rẹ́rìn-ín débi pé abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un létí. Mo ní ewúrẹ́ tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ṣì sàn ju òbúkọ tó jókòó sílé lọ.

Ohun tó wá ń rú mi lójú ni pé bí abẹ́rẹ́ bá ní kò dáa, olùkọ́ á ní ó dáa gan-an. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo wádìí rẹ̀. Mo fa ihò karùn-ún dípò ìkẹta, wọ́n ní ó dáa gan-an. Mo wúkọ́, wọ́n ní ó dáa gan-an. Mo wá gbé fèrè sílẹ̀, mo dákẹ́, mo kàn ń wò wọ́n, wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní mo ń gbìyànjú. Àánú wọn ṣe mí. Etí olùkọ́ mi ti di, ọmọ mi, wọ́n sì ń fi í pamọ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi bàbá rẹ, ó ní irú etí bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń gba òun látọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

Ìgbà tí fóònù kọ ọ́ pé ìdánwò ti dé, oorun dá lójú mi. Bí mo bá fìdí rẹmi, ṣé àwọn ọ̀gá ò ní béèrè ẹni tó ń sọ fún mi pé ó dáa? Wọ́n á lé bàbá oníbàbá nítorí tèmi.

Bí mo ṣe ń wọn aṣọ sí ìyàwó bíríkìlà lára, mo kó píìnì sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá kó píìnì sẹ́nu tó fẹ́ mí èémí, ńṣe ló máa fa ahọ́n sẹ́yìn, tó máa la ọ̀fun, tó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfipá fà á. Ó kù díẹ̀ kí n pariwo, mo rántí pé píìnì ń bẹ lẹ́nu mi. Mo tu wọ́n sọ́wọ́, mo sáré wọlé, mo fi ìyàwó bíríkìlà sílẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ kan ṣoṣo. Mo fa ihò kẹta bí ẹni tó kó píìnì sẹ́nu. Ohùn rọ̀, ó rọ̀, ó dúró. Abẹ́rẹ́ di àwọ̀ ewé. Ìyàwó bíríkìlà béèrè ẹni tó ń sunkún, inú mi dùn.

Àná ni mo ṣe ìdánwò náà. Ibi àkọ́kọ́ bọ́ sí i, ìkejì bọ́ sí i, ìkẹta tó jìn jù lọ yẹ̀. Bàbá rẹ pa ẹ̀rọ ìgẹrun níta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Mo tún fà á, ó dúró ṣánṣán. Fóònù ní mo yege, ó gbé mi lọ sí ọdún kejì.

Ọmọbìnrin kan ni mo bá níbẹ̀ tó ń kọ́ni. Mo béèrè olùkọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ lọ. Mo wá rò ó pé mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ́dọ̀ wọn rí. Ta ni wọ́n á wá máa sọ fún pé ó dáa gan-an? Mo tẹ fóònù padà sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ káàbọ̀, inú àwọn dùn láti mọ̀ mí. Wọn ò rántí mi mọ́, ọmọ mi. Kì í wá ṣe etí nìkan. Mo dìde, mo kí wọn, mo tún sọ orúkọ mi fún wọn.

Fóònù ní ẹ̀kọ́ tó kàn ò ní ṣí àfi tí a bá tún san owó ọdún kìn-ín-ní. Jọ̀ọ́, bá mi san án. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, má sọ pé ìyá rẹ fìdí rẹmi o. Ó yege, ó kàn dúró ti ènìyàn ni. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Bí ọjọ́ alẹ́ rẹ bá dé, tí o bá gbàgbé ojú ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ wá, kí onítọ̀hún má gbàgbé tìrẹ.

Ìyá rẹ ni.