Lawrence, Mọ́tò Rẹ Ti Kọjá Ibi Tó Ń Yọ̀

Ọdún márùn-ún rèé, Lawrence! Ọdún márùn-ún gbáko tí o ti lọ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọkọ Fẹ̀hìntọlá, bàbá Ọmọ́lẹ́wà. Lọ́dọọdún ni èmi Moríkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ, máa ń fi ẹkún kọ ìrántí yìí. Lọ́dún yìí, ẹ̀rín ni mo ń rín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ó tó já bọ́ lẹ́nu mi: mọ́tò rẹ ti kọjá ibi tó ń yọ̀! Mọ́tò kékeré tí o ń fi rìmóòtù darí ti sáré lórí afárá pákó Ayétòrò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò já sómi. Kò dúró sójú kan kí ó máa yí táyà lásán. Òun ló sì gba ipò kìíní!

Mo mọ̀ ọ́. Bí o bá gbọ́ báyìí, o ò ní kọ́kọ́ yọ̀, o máa bi wá pé ta ló fọwọ́ kan difurẹ́ńṣà rẹ̀. Fara balẹ̀, a ó débẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Òkun ti gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ. Ibi tí o ti máa ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi palẹ̀, omi ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má kọminú. Kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà ni Ọmọ́lẹ́wà ti kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ, sípánà kan ò ṣẹ́ kù, ó kó wọn lọ sí ìlú Mólútẹ̀hìn. Ibẹ̀ ló ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Àwọn tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn wá. Ọmọ rẹ obìnrin, Lawrence! Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì bíi tìrẹ.

Fẹ̀hìntọlá ti parí ilé tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti kan páànù sí i, ó ti kùn ún. Owó ẹja yíyan ló fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, kò sì ráhùn sí ẹnikẹ́ni. Àwòrán rẹ wà ní pálọ̀. Mo ní kí ó wá èyí tí o ti wọ agbádá, ó kọ̀ jálẹ̀. Èyí tí o ti gbé mọ́tò kékeré náà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ìkókó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ló gbé kọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí o gbé e dé. Òyìnbó kan tó ń jó irin lórí pèpéle tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun ló ta ọ́ lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, nítorí o bá wọn tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Mo bú ọ. Mo ní ọkùnrin onírùngbọ̀n, tó ti bímọ, ló ń ra bátìrì fún ohun ìṣeré. O kàn ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ó fi di pé àwọn àgbààgbà ọkùnrin láti Ayétòrò dé Òde Mahin ń ra tiwọn. Olówòkéré tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òde Mahin ni olórí wọn, ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́, ẹni tí ẹ jọ ń bá ara yín du ipò. Ẹ sọ ọ́ di ìdíje ọdọọdún, ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ ìjọ, lórí afárá pákó tó wà lẹ́yìn ìlú.

Ibi kan wà láàárín afárá náà tó ń da gbogbo yín láàmú. Omi máa ń ta sí i lápá òsì, ewédò, ohun tútù tó ń yọ̀ bí ilá, sì ti bo pákó ibẹ̀. Apá ọ̀tún gbẹ, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà. Bí táyà ẹ̀yìn tòsì bá ti kan ewédò yẹn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí wìì-wìì, ti ọ̀tún tó wà lórí pákó gbígbẹ yóò sì dákẹ́ bí ẹni tí wọn ò pè sí ọ̀rọ̀. Bí mọ́tò ṣe máa dúró nìyẹn.

Ìwọ lo là á yé mi, bí mo tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. O ní difurẹ́ńṣà ni gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, pé òun ló ń jẹ́ kí táyà kan yí ju èkejì lọ bí mọ́tò bá ń yà sí kọ̀rọ̀. O ní iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́n. Táyà tó ń yọ̀ ló máa ń gbé agbára fún, èyí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kì í rí nǹkan kan gbà. Mo ní ó jọ ìjọba wa. O rẹ́rìn-ín títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já sómi.

Ìgbà àkọ́kọ́, o fi gọ́ọ̀mù lẹ gíà náà pa, kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Ó kọjá ewédò, a sì ṣápẹ́. Àfi bó ṣe dé kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà tí kò yà! Tààrà ló lọ, ó di inú omi. Àwọn àgbà ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú.

Lẹ́yìn ìyẹn lo wá fojú sí òróró àgbọn mi. Áà, Lawrence! Àárọ̀ ọyẹ́ ni, òróró inú ìgò mi ti dì bí ìpara. O fi ìka kàn án, mo rí i tí ojú rẹ ń tàn, n ò mọ ohun tí o ń rò. O ha gọ́ọ̀mù kúrò, o bù ú kún inú gíà náà dẹ́nu. O ní bó bá ki tó bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí táyà kan sá lọ fi èkejì sílẹ̀. Òótọ́ sì ni! Ní àárọ̀ yẹn, mọ́tò náà kọjá ewédò bí ẹni pé ó ní èékánná. O pe gbogbo ilé. O ránṣẹ́ sí Olówòkéré pé kí ó má wulẹ̀ wá.

Ọ̀sán gangan ni ìdíje. Oòrùn ti yọ́ òróró náà di omi. Mọ́tò rẹ dúró lórí ewédò, ó ń yí táyà, òróró ń kán tó-tó-tó, gbogbo afárá ń ta sánsán bí ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sábẹ́ igi àgbọn, tí kò rántí pé òróró àgbọn ń yọ́! Èmi tó ń fún un tà wà níbẹ̀, o ò bi mí. Títí di òní, bí Olówòkéré bá rí mi, ó máa ń béèrè bóyá òróró mọ́tò ṣì wà.

O ò jáwọ́. O tún wá àwọn ọmọ irin róbótó inú bẹ́ríǹgì, o tò wọ́n sáàárín awo irin méjì, o fi nọ́ọ̀tì fún wọn pọ̀. Ìyẹn dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá iyanrìn àti iyọ̀ òkun jà? Wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ bí ata. Bó bá ti ń ké, ìwọ náà á tún fún nọ́ọ̀tì sí i, títí àwọn ọmọ irin náà fi gbẹ́ awo irin jẹ.

Ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ lo ṣe èyí tó kẹ́yìn. Àìsàn ti mú ọ jókòó síwájú ilé. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń ká okùn ìwọ̀ wá, ó ti bàjẹ́, ó ní bóyá o máa rí nǹkan yọ lára rẹ̀. O tú u. O bá àwọn awo pẹlẹbẹ nínú rẹ̀, irin kan, awọ kan, irin kan, awọ kan, wọ́n tò léra, nọ́ọ̀tì kan ló ń tẹ gbogbo wọn. O pè mí láti ìdí ààrò. O gba ọwọ́ mi, o la àtẹ́lẹwọ́ mi, o fi ìka fa ìlà sí i.

O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ Bàbá ló wà nínú irin yìí."

N kò ní kí o ṣàlàyé. Inú ọkọ̀ kan náà ni Bàbá ti kọ́ wa. Bí ẹja kùtà bá gbé ìwọ̀ mì tó sì sá lọ, bí o bá di okùn náà pa, ó máa já, á sì ya ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá tú u sílẹ̀, ẹja lọ nìyẹn. Jẹ́ kí ó máa yọ̀ gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ kọjá, ṣùgbọ́n kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ máa tẹ̀ ẹ́. Bàbá ò kọ́ wa ní nǹkan mìíràn tó tó ìyẹn.

O to àwọn awo náà sí ọ̀tún àti òsì gíà, o sì pa á dé. Ó ku kí o wá bí nọ́ọ̀tì náà ṣe máa le tó. Ikú ò jẹ́ kí o wá a. Mọ́tò náà ò tíì tún fara kan pákó tí o fi lọ, Fẹ̀hìntọlá sì fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ wé e, ó gbé e pamọ́.

Lọ́dún yìí ni ìlú sọ pé àwọn máa tú afárá náà, nítorí òkun ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdíje tó kẹ́yìn nìyí lórí rẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà gbọ́, kò lè jẹun. Ó ní bí mọ́tò bàbá òun ò bá kọjá ewédò yẹn nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé bóyá ohun tó ṣe kẹ́yìn láyé tọ̀nà.

Ó tú ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó fún nọ́ọ̀tì náà gan-an, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun já. Mọ́tò kọjá ewédò, ó dé kọ̀rọ̀, kò yà, ó já sómi bíi ti ọjọ́sí! Àwọ̀n la fi gbé e. Ó dẹ̀ ẹ́, ó ń yí táyà lásán lórí ewédò. Ó fún un, ó dẹ̀ ẹ́, ó tún fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó sílẹ̀, ó ní bóyá bàbá òun ṣì í.

Lawrence, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo fọ ọwọ́ ẹja kúrò, mo gba mọ́tò náà. Mo di táyà òsì mú, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí ti ọ̀tún. Fẹẹrẹ ni. Mo ní kí ó máa fún nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa yí i lọ. Mo dijú. Mo padà sínú ọkọ̀ Bàbá. Ó ń lọ, ó ń lọ, nígbà tó yá ni mo mọ̀ ọ́n: ó ń yọ̀, ó sì ń tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ní, "Dúró, ọma mi. Kùtà ti wà lẹ́nu ìwọ̀."

Bó ṣe di ọjọ́ kejì nìyẹn, ọjọ́ ìdíje. Oòrùn ń mú, èrò kún etí omi. Mọ́tò tuntun tí Olówòkéré rà ní Èkó ń dán yinrinyinrin, òun ló sì wà níwájú. Ó dé ewédò, ìdí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà. Tìrẹ dé, rìmóòtù wà lọ́wọ́ Ọmọ́lẹ́wà! Mo gbọ́ tí táyà òsì yọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dijú. Ó yọ̀ díẹ̀, díẹ̀ péré, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀tún gbá pákó mú, ó tì í síwájú, ó kọjá! Ó dé kọ̀rọ̀ ilé àdúrà. Ó yà! Lawrence, ó yà bọ̀rọ́! Mo fò sókè, gèlè mi bọ́ sómi, n kò wá a títí dòní. Fẹ̀hìntọlá di ìbàdí Ọmọ́lẹ́wà mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Olówòkéré ò dúró kí mọ́tò tirẹ̀ dé. Ó fi rìmóòtù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tìrẹ, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí àgbọn níbẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí pákó tó sì ń sunkún rẹ bí ẹni pé àná lo lọ.

Wọ́n ti ń tú afárá náà báyìí. Ọmọ́lẹ́wà tọrọ pákó kan péré, èyí tí ewédò wà lára rẹ̀. Ó wà lábẹ́ àwòrán rẹ ní Mólútẹ̀hìn, mọ́tò náà sì wà lórí rẹ̀. Ewédò náà ti gbẹ.

Ọdún márùn-ún rèé, àbúrò mi, àárò rẹ ò dín kù. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń gbé mọ́tò náà lé itan. Màá di táyà kan mú, màá yí èkejì. Ó máa ń lọ, ó sì máa ń fà mí padà díẹ̀, bí ẹni pé ìwọ lo wà nídìí okùn lọ́hùn-ún. Mo máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ títí Fẹ̀hìntọlá á fi gbé oúnjẹ dé. A fẹ́ràn rẹ, Lawrence. A ò dì ọ́ pa, a ò sì tú ọ sílẹ̀.