Ẹ̀bẹ̀ fún Túnà Gìtá Tí Kò Ní Ṣì Wá Lọ́nà

Ilé Zikos,
Òdìkejì Kànga Òkè,
Kato Lithari,
Agbègbè Ioannina.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Keje, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ọdún Abúlé,
Kato Lithari.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ TÚNÀ TÍ ÌGBÌMỌ̀ RÀ FÚN ÀWỌN OLÓRIN

1. Èmi Lambros Zikos, tí mo ti ń ta gìtá oníná lẹ́yìn fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì ní ọdún abúlé wa láti ìgbà tí bàbá yín ti jẹ́ alága, ni mo kọ ìwé yìí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀rù ló mú mi kọ ọ́, n kò ní fi bò.

2. Túnà tí mò ń sọ ni ẹ̀rọ kékeré tí ìgbìmọ̀ rà lẹ́yìn ìjà tí àwa olórin jà lórí ohùn okùn lọ́dún tó kọjá, kí gbogbo wa lè máa fi tún ohùn okùn wa ṣe. Ńṣe la ń há a mọ́ orí gìtá. Bí okùn bá ti dé ibi tó yẹ, iná aláwọ̀ ewé á tàn lára rẹ̀. Láti ara igi gìtá tó ń gbọ̀n ló ti ń gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀, lórí pèpéle, fèrè Thomas Gegas àti ìlù ń gbọn igi kan náà, ẹ̀rọ náà kò sì mọ èyí tí í ṣe ti okùn. Nígbà mìíràn, okùn kò tíì débẹ̀ tí iná á ti tàn, bí ẹni tó ń kánjú lọ sílé.

3. Ní ìdánrawò ọjọ́ Sátidé, iná tàn, ṣùgbọ́n létí mi, okùn kẹta ṣì wà nílẹ̀. Mo fà á sókè díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ orin ẹkún òkú tí a fi ń ṣí ọdún wa, níbi tí gìtá ti ń di ohùn kan ṣoṣo mú, tí fèrè ń sunkún lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí nínú orin yẹn. Thomas gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Lambros, ó ti ròkè jù. Àbí ọtí tsipuro àná ò tíì dá lójú ẹ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

4. Akọ̀wé yín, Arábìnrin Evanthia, sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Bàbá Lambros, ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀rọ ṣe o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rí yín fín, àmọ́ ẹni tí ò bá tẹ̀ lé e ò ní gun pèpéle." Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ọmọbìnrin àbúrò Thomas ti ra gìtá, ó sì ń dúró de àyè mi. N kò bá ọmọ náà jà. Ó mọ̀ ọ́n ta.

5. Lọ́dún mìíràn, ǹ bá panu mọ́. Ṣùgbọ́n Olympia aya mi kú nínú ààwẹ̀ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Ọdún oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ yìí ni a ó kọ́kọ́ ta orin ẹkún náà fún un, lójú àwọn ará ilé rẹ̀ tí ń bọ̀ láti Jámánì. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ta á. N kò fẹ́ jókòó sórí àga kí ẹlòmíràn máa bá mi sunkún ìyàwó mi.

6. Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yan irú túnà tí wáyà gìtá ń wọ inú rẹ̀ tààrà. Ohùn okùn nìkan ni yóò máa gbọ́. Kí ó jẹ́ irú èyí tí iná rẹ̀ ń sáré kiri, tí kì í dúró títí okùn yóò fi dé ojú ibẹ̀ gan-an. Kí a sì lè gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ bá fèrè Thomas, torí fèrè máa ń ròkè bó bá ti gbóná. Ẹ má wo èyí tí yóò gbè mí. Ẹ yan èyí tó péye.

7. Ó kù díẹ̀ tí n kò tíì sọ. Láti ìgbà Àjíǹde ni ohùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ létí mi. Mo ní ojú ọjọ́ ni. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tí Olympia kọrin sí sínú rẹ́kọ́dà, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀. Mo ní rẹ́kọ́dà ló gbó. Mo wá dá túnà náà lẹ́bi. Ó lè jẹ̀bi lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń gbàdúrà kó rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé kì í ṣe òun.

8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi túnà tuntun náà dán mi wò ní ọ́fíìsì yín kí ọdún tó dé, èmi àti ẹ̀yin nìkan. Èmi yóò fi etí tún okùn ṣe, ẹ̀yin ó sì máa wo iná. Bí etí mi bá tọ́, ẹ jẹ́ kí n gun pèpéle. Bí kò bá tọ́, n kò ní jiyàn. Ẹ má wí nǹkan kan fún mi, ẹ má sì jẹ́ kí Thomas wá bá mi kẹ́dùn. Ẹ kàn kọ orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ sórí ìwé ìkéde tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì. Mò ń débẹ̀ láràárọ̀. Màá rí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù,
Lambros Zikos,
Onígìtá Ọdún Abúlé.