Fóònù Tí Kò Sí Nílé Lọ́jọ́ Àgbàrá

Abúlé Tizi n Wasif,
Òkè Atlas,
Mòrókò.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Yezza, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Agadir? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Mo tún kí ọ kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ, Lalla Ijja, tó jẹ́ ìyá gbogbo wa. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Wọ́n sọ fún ọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Irọ́ ni, ó sì yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí fóònù sátẹ́láìtì tí ìjọba fún abúlé wa, èyí tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ló ń gbà sọ̀rọ̀? Baha ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Nígbà tí àgbàrá dé, ó wó òpó nẹ́tíwọ̀kì, ó gé ọ̀nà, ògiri ilé yín sì wó lu ìyá wa lẹ́sẹ̀. A hú wọn jáde láàyè. Wọ́n tilẹ̀ ní ká bu búrẹ́dì ọkà báálì fún àwọn tó gbẹ́ àwọn jáde. Nọ́ọ̀sì ní bí hẹlikópítà bá tètè dé, wọn ò ní kú. A sáré tọ Baha lọ. Ó ní fóònù ti bàjẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ta ní ń yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ wò? Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dákẹ́.

Ibi tí a ti ń gba àlejò ọ̀fọ̀ ni ọkùnrin kan ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa láti hòtẹ́ẹ̀lì orí òkè, fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Baha, ó ní àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì ti fi kí ará ilé wọn tán. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ Baha, ni Baha ṣe yá a ní fóònù.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú àwo kúsíkúsì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó bàjẹ́."

Ó ní, "Tuda, rọra. Má tú àṣírí ilé síta."

"Ilé ta ni, Ẹ̀gbọ́n? Èyí tó wó ńkọ́?"

Àwọn àgbà gba fóònù náà, wọ́n fi í sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Báyìí, Baha ń sọ kiri pé mo ta òun, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í dáhùn ìkíni mi lódò mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹni tó pọ̀n mí ní kékeré ló wò mí lójú tó purọ́, nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára ìyá rẹ.

Ọmọ ìyá mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ọwọ́ ìyá rẹ wà títí tó fi tutù.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí o kò bá lè fèsì fún àbúrò Baha, n kò ní bínú.

Èmi ṣì ni tìrẹ,
Tuda