Òpó Irin Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀, owó oògùn tí o fi ránṣẹ́ sì tó. Ọkọ mi ní kí n kí ọ.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí Màmá ń gbọ́. Ó ti gbé fọ́tò tí o yà nínú ilé àpatì tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ wò kiri lókè òkun yẹn kọ́ sí pálọ̀. Ó rò pé o ti ra ilé ni. "Ilé ọmọ mi rèé, ọ̀dà nìkan ló kù!" ni ó ń wí fún àlejò. A rẹ́rìn-ín, títí mo fi wo ẹ̀yìn rẹ nínú fọ́tò náà dáadáa.

Òpó irin kan ni wọ́n fi ti àjà ibẹ̀, ó ṣì ń dán. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Irin tuntun nínú ilé àtijọ́ fi hàn pé àjà náà ń wó bọ̀, onílé sì mọ̀. Ilé tó ní onílé kì í ṣe àpatì. Bí kò bá wó lù ọ́, ọlọ́pàá lè mú ọ, ìwé ìgbélùú rẹ a sì bá a lọ.

O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ó padà síbẹ̀ ní Sátidé ìparí oṣù. Jọ̀wọ́, má lọ. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti gbé ojo yín dé!" Mo gbà. Ojo kì í sùn sábẹ́ àlàpà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbúròó burúkú rẹ. Tètè fèsì.

Lánàá, Màmá gbọ́wọ́ lé fọ́tò náà, ó ní, "Ọmọ mi, wàá pẹ́ nínú ilé yìí." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi nìkan ni n kò ṣe é.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin